Bọ́kẹ́ẹ̀tì Kejìlélọ́gbọ̀n

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì wa ṣe ń ṣàánú, kó wá dúró sí ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn ọ́fíìsì Àjọ Aláàánú wa fún ìdajì wákàtí, kó máa wo bí ìwé ṣe ń gòkè tó sì ń sọ̀ kalẹ̀. Sítọ́ọ̀ ló wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ibẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún mẹ́tàdínlógún, tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ń bẹ lọ́rùn mi lórí okùn, tí wọ́n fi ń pè mí ní Ìyá Kọ́kọ́rọ́. Àwọn tó ń gba ìròyìn àjálù wà ní àjà kìíní: obìnrin méjì, fóònù mẹ́ta, àti àwòrán ilẹ̀ tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ olórí pupa gún káàkiri. Ọ̀gá àgbà wà ní àjà kejì. Àjà kẹta ni yàrá ìpàdé, níbi tí ìgbìmọ̀ àgbà ti ń jókòó lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́dún yí tábìlì kan ká tó gùn bí ọkọ̀ ojú omi. Kápẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ mọ́ débi pé èmi tí mo ń gbá a kì í fi bàtà tẹ̀ ẹ́.

Ilé wa nìyẹn. Lóde, àgbègbè kọ̀ọ̀kan ní Bíṣọ́ọ̀bù tirẹ̀. Abẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù ni àwọn sẹ́kíìtì wà, abẹ́ sẹ́kíìtì ni ṣọ́ọ̀ṣì, abẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì ni kíláàsì, kíláàsì kọ̀ọ̀kan sì ní olórí tó mọ ilé gbogbo ọmọ ìjọ rẹ̀, tó mọ ẹni tí ara rẹ̀ kò yá àti ẹni tó ń bá ìyàwó jà. Ẹrù ń ti ìsàlẹ̀ gòkè, àṣẹ ń ti òkè sọ̀ kalẹ̀. Àwọn ìyá nínú ìjọ ló ń kó bọ́kẹ́ẹ̀tì jọ, wọ́n á gbé e wá fún mi, èmi á tú u wò: ọṣẹ méjì, búrọ́ọ̀ṣì kan, àkísà márùn-ún, ìbọ̀wọ́ méjì, okùn ìsáṣọ, àti ike kékeré tí hóró oògùn wà nínú rẹ̀, èyí tí a fi ń sọ omi ìdọ̀tí di mímu. Bí ọṣẹ bá di mẹ́ta, màá yọ ọ̀kan. Bí ìyá kan bá ki ìwé àdúrà bọ̀ ọ́, màá yọ ọ́, kí bọ́kẹ́ẹ̀tì kan má bàa sàn ju ìkejì lọ. Màá wá dé e, màá tò ó. Kò sì ní kúrò níbẹ̀ títí ìwé yóò fi sọ̀ kalẹ̀ láti àjà kejì.

Ìwé wo? Ìwé ìpè. Èmi ni mo kọ òfin rẹ̀.

Ọdún keje rèé. Iná jó ìlú kan, a sì kó ẹgbẹ̀ta bùláńkẹ́ẹ̀tì lọ síbẹ̀ láìbi ẹnikẹ́ni. Inú rédíò ni Bíṣọ́ọ̀bù àgbègbè náà ti gbọ́ pé a wà nílùú òun. Nígbà tí ìpàdé àpapọ̀ pé, ó dìde, ó tún kọ́là ọrùn rẹ̀ ṣe, ó ní, “Ta ló pè yín?” Ó jókòó. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ náà sì jó wa ju iná ìlú yẹn lọ. Èmi ni mo ń kọ ìwé ìpàdé nígbà yẹn, nítorí ọwọ́ ìkọ̀wé mi dára. Wọ́n ní kí n kọ òfin kan tí irú ìtìjú bẹ́ẹ̀ kò fi ní bá wa mọ́. Mo gbàdúrà sí i, mo gbààwẹ̀ ọjọ́ kan, mo kọ ọ́ báyìí:

A kì í lọ síbi tí wọn kò pè wá sí. Bíṣọ́ọ̀bù àgbègbè ni yóò pè wá, nínú ìwé, pẹ̀lú ọwọ́ àti èdìdì rẹ̀. Kí ìwé náà tó dé, kọ́kọ́rọ́ kò gbọdọ̀ wọ ihò.

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n fi í sínú férémù, wọ́n gbé ọ̀kan kọ́ sí yàrá ìpàdé, ọ̀kan sí ara ilẹ̀kùn sítọ́ọ̀, níwájú mi gan-an. Èmi tí n kò tẹsẹ̀ bọ ilé ìwé rí. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló kọ́ mi. Ìyá wa tètè kú, ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi ni mo dàgbà sí. Èédú ló fi ń kọ a, b, d fún mi sórí ilẹ̀ ilé ìdáná, nígbà tí mo sì mọ̀ ọ́n tán, Ìwé Sáàmù ló gbé lé mi lọ́wọ́. Bí ó ṣe ń tẹ lẹ́tà rẹ̀ sí ọwọ́ ọ̀tún bí koríko tí atẹ́gùn ń fẹ́, bẹ́ẹ̀ lèmi náà ń ṣe títí dòní.

Nígbà tí mo ka òfin náà fún un, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “O ṣé o, akọ̀wé. Tí ilé mi bá wá ń jó, ṣé kí n kọ́kọ́ wá bírò?”

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ máa ń fi gbogbo nǹkan ṣeré.”

“N ò ṣeré. Bí ọmọdé bá gégi nínú igbó, àgbà ló ń mọ ibi tó máa wó sí.”

Ọkọ rẹ̀, kápẹ́ńtà, gbé orí sókè níbi tó ti ń fá pákó. “Fi ọmọ sílẹ̀ o jàre. Inú ń dùn ún.” Òun ló kan férémù méjèèjì. Kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ wa.

Odò ẹ̀yìn ìlú wọn kún lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, ó wọlé. Ní ọjọ́ kejì rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi pè mí lórí fóònù sítọ́ọ̀.

“Omi dé ojú fèrèsé kó tó padà,” ó ní. “A wà láàyè. Ṣùgbọ́n kànǹga ti dàpọ̀ mọ́ ṣáláńgá. Àwọn bọ́kẹ́ẹ̀tì inú sítọ́ọ̀ rẹ yẹn, oògùn omi ṣì wà nínú wọn?”

“Ó wà níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi.”

“Mélòó ló wà níbẹ̀?”

“Ó lé ní ẹgbẹ̀rin.”

“Ilé méjìlélọ́gbọ̀n ni kíláàsì mi. Bó o bá lè fi ìyẹn ránṣẹ́, a lè máa mu omi títí kànǹga á fi dára.”

“Ẹ ní kí Bíṣọ́ọ̀bù yín kọ̀wé. Bó bá kọ ọ́ lónìí, ọkọ̀ á gbéra lọ́la.”

Ó ní, “Bíṣọ́ọ̀bù wo?”

Ibẹ̀ ni mo ti rántí. Bíṣọ́ọ̀bù wọn àtijọ́ ti fẹ̀yìn tì lóṣù tó kọjá. Wọ́n ti yan tuntun, ṣùgbọ́n ọjọ́ Àìkú ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n máa gbé ọwọ́ lé e lórí. Mo sáré gun àjà kìíní. Àwọn obìnrin ibẹ̀ pe Bíṣọ́ọ̀bù àtijọ́. Ó ní òun ti gbé ọ̀pá sílẹ̀ níwájú pẹpẹ, ọwọ́ tí òun fi gbé e sílẹ̀ kò lè tún kọ̀wé bíi Bíṣọ́ọ̀bù. Wọ́n pe tuntun. Ó ní, “Bí mo bá fọwọ́ sí i lónìí, ọwọ́ àlùfáà lásán ni. Ẹ ò ní lè lò ó.” Òótọ́ ló sọ. Mo mọ̀ pé òótọ́ ni, nítorí èmi ni mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Dẹ́rẹ́bà ọkọ̀ akẹ́rù wa gbọ́, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ọ̀kan ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, èkejì kò tíì wọlé, ọkọ̀ wá ń dá rìn lọ sínú odò.” Bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Òun ló sọ ọ̀gá àgbà ní Baba Ó-Dìpàdé, torí gbogbo ọ̀rọ̀ ló máa ń sún di ìpàdé.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ọlọ́kadà kan tí ẹrẹ̀ bò dé orúnkún gbé ìwé kan wá. Ewé ìwé àkọsílẹ̀ ọmọ ilé ìwé ni, tí omi ti kan etí rẹ̀. Kí n tó kà á ni mo ti mọ ọwọ́ tó kọ ọ́. Àwọn lẹ́tà náà dẹ̀gbẹ́ sí ọ̀tún bí koríko.

Àwa kíláàsì kẹrin ń pè yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀. Onígbáméjì ti wọ ilé mẹ́ta. A mọ̀ pé Bíṣọ́ọ̀bù ló yẹ kó kọ ìwé yìí, ṣùgbọ́n a kò ní Bíṣọ́ọ̀bù. Àwa la wà níbí.

Ó fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí olórí kíláàsì. Lábẹ́ rẹ̀, àwọn ará ilé méjìlélọ́gbọ̀n ti àtàǹpàkò wọn bọ tàdáwà, wọ́n tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ ní ìlà mẹ́rin. Kò kọ gbólóhùn kan sí èmi àbúrò rẹ̀. Àjọ ló kọ̀wé sí.

Mo gbé e gun àtẹ̀gùn. Ọ̀gá àgbà kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó bọ́ awò ojú rẹ̀. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Bó bá jẹ́ ìkà ni, bóyá ìbá rọrùn fún mi.

“Màmá, ìwé yìí wọ̀ mí lọ́kàn,” ó ní. “Ṣùgbọ́n olórí kíláàsì kò lè pe ìgbìmọ̀ àgbà. Bí a bá gba èyí, ẹnikẹ́ni tí òrùlé rẹ̀ bá ń jò á máa pè wá.”

“Ẹ̀gbọ́n mi ló kọ ọ́, sà.”

“Áà.” Ó tún gbé awò rẹ̀ wọ̀. “Ìyẹn gan-an ló yẹ kó mú wa ṣọ́ra. Wọ́n á ní Ìyá Kọ́kọ́rọ́ ṣílẹ̀kùn fún ẹbí rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ kọ òfin yìí, Màmá. Gbogbo ibi tí mo bá dé ni mo ti ń fi yín ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà.”

A gbàdúrà. Ó gbà á dáadáa, ó pe omi, ó pe odò, ó ní kí Olúwa tó rìn lórí omi rìn dé ọ̀dọ̀ wọn. Mo ṣe àmín. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo lu òǹtẹ̀ mọ́ ìwé náà, mo kọ déètì sí i, mo fi í sínú fáìlì àwọn ìwé tí kò bá òfin mu.

Dẹ́rẹ́bà ń dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà sítọ́ọ̀.

“Ọkọ̀ ti mu epo,” ó ní. “Ìyá Kọ́kọ́rọ́, ẹ kàn ṣí ilẹ̀kùn yìí, kẹ́ ẹ lọ sílé, kẹ́ ẹ ní orí ń fọ́ yín. Mo lè kó méjìlélọ́gbọ̀n láàárín wákàtí kan.”

“Olè nìyẹn.”

“Ta la jà lólè? Ẹni tí wọ́n torí ẹ̀ ra bọ́kẹ́ẹ̀tì?”

“Ẹ má bá mi ṣàwàdà, dẹ́rẹ́bà.”

“Èmi? A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa làpálàpá, ẹ ní èmi ni mò ń ṣàwàdà.” Ó wo férémù ara ilẹ̀kùn, ó wo ọrùn mi. “Kọ́kọ́rọ́ kò mọ̀wé kà o. Ibi tẹ́ ẹ bá kì í bọ̀ ló máa wọ̀.”

Mo di kọ́kọ́rọ́ náà mú lọ́rùn. Kí ìyá wa tó kú, ó ní oríkì kan tó máa ń kì fún èmi àti ẹ̀gbọ́n mi láàárọ̀, bí a bá kúnlẹ̀ kí i:

Ọmọ agbọ́-igbe-má-bi-ẹni-tó-ké,
Ọmọ asáré-wọlé-kí-wọ́n-tó-ránṣẹ́.
Ẹni ilé rẹ̀ ń jó, baba yín ló kọ́kọ́ gbé omi dé;
Ẹni ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, ìyá yín ló kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn.

Oríkì náà dìde nínú mi bó ṣe wà. Mo gbọ́ ọ, mo sì dúró síbi tí mo dúró sí. Mo ti sọ fún àwọn èèyàn lẹ́yìn náà pé ẹ̀rù iṣẹ́ ló bà mí. Irọ́ ni, Ọlọ́run sì mọ̀. Òfin yẹn nìkan ni ohun tí mo kọ láyé mi tí ẹnikẹ́ni fi sínú férémù. N kò fẹ́ kó jẹ́ ọwọ́ mi ni yóò fọ́ ọ. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Dẹ́rẹ́bà tutọ́ sílẹ̀, ó lọ jókòó sínú ọkọ̀ rẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá dé sítọ́ọ̀ láàárọ̀, mo máa ń gbé ọwọ́ lé àwọn bọ́kẹ́ẹ̀tì náà lórí bí ẹni ń súre fọ́mọ, màá gbàdúrà fún ìlú ẹ̀gbọ́n mi. Mo gbàdúrà débi pé ó rẹ̀ mí. Oògùn wà lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mi, mò ń bẹ ọ̀run pé kó wò wọ́n sàn.

Ní ọjọ́ kọkànlá, ọ̀sán gangan, fóònù dún.

“Kápẹ́ńtà ti lọ,” ẹ̀gbọ́n mi ní.

“Ẹ̀gbọ́n mi…”

“Mo kàn ní kí o gbọ́.” Ó gbé fóònù sílẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n gbé ọwọ́ lé Bíṣọ́ọ̀bù tuntun. Gbogbo ọ́fíìsì wa ló lọ, èmi náà lọ, mo kọrin. Ó jókòó sórí àga rẹ̀, wọ́n gbé tábìlì kékeré sí iwájú rẹ̀, wọ́n sì kéde pé ìwé àkọ́kọ́ tí yóò fọwọ́ sí nínú ipò rẹ̀ ni ìwé tí yóò pe Àjọ Aláàánú síbi àgbàrá. Ìjọ pàtẹ́wọ́. Àwọn ìyá kan ń sunkún nítorí ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ wọn.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ìwé náà dé, bébà tó nípọn, èdìdì pupa lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó gun àtẹ̀gùn bí ewúrẹ́, ó fara kan àjà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nígbà tó fi máa di ọ̀sán, àṣẹ ti dé ọwọ́ mi. Mo ki kọ́kọ́rọ́ bọ ihò. Mo ti rò pé á le. Wẹ́rẹ́ ló ṣí.

Mo bá ọkọ̀ lọ fúnra mi. Dẹ́rẹ́bà kò bá mi sọ̀rọ̀ láti ibi tí a ti gbéra títí a fi débẹ̀. Nínú ìlú náà, omi ti fa ìlà sára gbogbo ògiri, ìlà kan ṣoṣo tó gbọọrọ, bí ẹni pé ẹnì kan fi rúlà wọ̀n ọ́n. Ilé ẹ̀gbọ́n mi la kọ́kọ́ kàn. Kò ní ilẹ̀kùn. Aṣọ ìbùsùn ni wọ́n ta síbẹ̀. Obìnrin aránṣọ tó ń gbé ní ilé kejì ló sọ ọ́ fún mi, láìjẹ́ pé mo bi í: ó ní kápẹ́ńtà ló kan pósí fún ọmọ méjì àti bàbá arúgbó kan kó tó dùbúlẹ̀. Nígbà tó kan òun, pákó ti tán. Ilẹ̀kùn ni wọ́n tú.

Ẹ̀gbọ́n mi wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, nídìí tábìlì, ìwé kíláàsì ló ṣí sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Bí àjọ wa ṣe rí ni pé olórí kíláàsì ló ń fọwọ́ sí ìwé pé ẹrù dé ọwọ́ àwọn èèyàn rẹ̀. Mo ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ọdún mẹ́tàdínlógún, ṣùgbọ́n kò sọ sí mi lọ́kàn pé iwájú rẹ̀ ni màá dúró sí.

Mo kúnlẹ̀. Ó gbójú sókè.

“Ẹ kú àbọ̀,” ó ní. “Ẹ dìde. Ẹ jókòó.”

Mo wẹ̀yìn wò bóyá Bíṣọ́ọ̀bù ló wọlé tẹ̀ lé mi. Kò sẹ́nì kankan lẹ́yìn mi.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí pe ilé kọ̀ọ̀kan. Ilé aránṣọ. Ilé alápatà. Ilé opó tó wà lẹ́bàá afárá. Wọ́n ń wá ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, dẹ́rẹ́bà ń gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì fún wọn, wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Gbogbo wọn ló dúpẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ń fa ìlà síwájú ilé kọ̀ọ̀kan títí ó fi di mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ó wá dé bírò.

“Ó ku ọ̀kan, ẹ̀gbọ́n mi,” mo ní. “Tiyín ni.”

“Lẹ́tà mi dé ọ̀dọ̀ yín?”

“Ó dé.”

“Lọ́jọ́ wo?”

“Ọjọ́ Ẹtì. Ọjọ́ kẹrin.”

“Ta ló gbà á?”

“Èmi ni.”

“Ẹ kà á?”

“Mo kà á.”

“Kí lẹ wá ṣe sí i?”

“Mo lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn. Mo fi í sínú fáìlì.”

Ó mi orí bí ẹni tí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ ọgbọ́n fún. “Fáìlì dára. Omi kì í dé ibẹ̀.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́.”

“Ìwé Bíṣọ́ọ̀bù tó pè yín ńkọ́?”

Mo fà á fún un. Ó kà á délẹ̀, kò yára, ó fi ìka tẹ̀ lé e bó ṣe máa ń fi ìka tẹ̀ lé èédú fún mi. Ó tẹ̀ ẹ́ pọ̀, ó dá a padà fún mi.

“Ó pè yín sí àgbègbè rẹ̀. Ó ṣe dáadáa. Mo ti gba ti àwọn èèyàn mi, mo sì dúpẹ́ lórúkọ wọn. Ṣùgbọ́n ilé tèmi ti pè yín nígbà kan, ẹ ò wá. Kò pè yín mọ́.”

Mo tún kúnlẹ̀. “Ẹ foríjì mí. Ẹ̀yin lẹ tọ́ mi. Ẹ foríjì mí.”

Mo rò pé ó fẹ́ nawọ́ sí orí mi. Ìwé ìgbẹ́rù ló nawọ́ mú. Ó fa ìlà sí méjìlélọ́gbọ̀n tí mo ti kọ síbẹ̀, ó kọ mọ́kànlélọ́gbọ̀n sórí rẹ̀, ó fọwọ́ sí i.

“Olórí kíláàsì lásán ni mí,” ó ní. “Ìdáríjì ju ipò mi lọ. Ẹ bi Bíṣọ́ọ̀bù.”

Ó pa ìwé kíláàsì dé, ó dìde, ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá lọ sílé rẹ̀ tí kò nílẹ̀kùn.

Dẹ́rẹ́bà gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì tó kù wá síwájú ọkọ̀, ó gbé e lé mi lẹ́sẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó sọ nìyí: “Ẹ gbé e dáadáa. Òfin wà lórí ẹ̀.”

Nígbà tí mo padà dé sítọ́ọ̀, mo ṣí ìwé ẹrù tó padà wá. Ó ní ààyè kan tí a ti ń kọ ìdí rẹ̀. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé: Wọn kò pè wá. Mo fi ránṣẹ́ sókè. Kò pẹ́ tó fi sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ọ̀gá àgbà létí rẹ̀, ní tàdáwà aláwọ̀ ewé: Màmá, ìdí yìí kò sí lára àwọn tí ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí: Ó bàjẹ́. A kò rí onílé. Àṣẹ́kù.

Bọ́kẹ́ẹ̀tì náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi. Kò bàjẹ́. Mo sì rí onílé.

Mo fa ìlà sí ohun tí mo kọ́kọ́ kọ. Mo kọ Àṣẹ́kù, lẹ́tà rẹ̀ dẹ̀gbẹ́ sí ọwọ́ ọ̀tún bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe kọ́ mi.